Mọ́rísì Tí Wọ́n Fẹ́ Gbin Òdòdó Sí

Láti Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n ti ń sọ fún Biso Menike pé ọkọ̀ rẹ̀ ti kú, kò sì gbà. Ọmọ ọdún méjìlélógún ni nígbà tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ agbẹ̀bí lórí àwọn òkè Haputale. Ó ti di ẹni ọdún méjìléláàádọ́rin báyìí, kò sì tíì gba ọ̀rọ̀ ikú lẹ́nu ẹni tí kò kọ́kọ́ fetí lé àyà aláìsàn rí. A kì í fi ikú wé oorun.

Ogójì ọdún ló ti ń wa ọkọ̀ Mọ́rísì aláwọ̀ eérú yìí. Òun ló fi ń gun òkè lọ sí ilé àwọn tó ń já ewé tíì, lójò, nínú kùrukùru. Ọmọ méjì ni wọ́n bí sórí ìjókòó ẹ̀yìn rẹ̀, ọ̀kan nínú wọn ti di olùkọ́.

Sirisoma mẹkáníìkì ló gbé ìròyìn ikú wá. Ó tan ọkọ̀, ó fetí sí i díẹ̀, ó mi orí.

“Ìyá agbẹ̀bí, ẹ́ńjìnnì yín ti nọ́ọ̀kì. Bẹ́ríìn ìsàlẹ̀ ti jẹ tán. Ẹ tiẹ̀ wo aago ọ́ìlì. Bí ọkọ̀ bá ti gbóná báyìí, ṣe ni abẹ́rẹ́ rẹ̀ ń dọ̀bálẹ̀.”

“Ṣé o tú u wò ni?”

“Kí ni mo fẹ́ tú? Mo ti gbọ́ ọ.”

Kò ju wákàtí kan lọ tí Lalith, ọmọkùnrin rẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́ báǹkì ní Badulla, fi rí ẹni tó máa gbé e. Onílé ìtura kan ń wá ọkọ̀ àtijọ́ tó máa gbé síwájú ilé rẹ̀. Wọ́n á yọ ẹ́ńjìnnì jù nù, wọ́n á kó erùpẹ̀ kún ojú ihò rẹ̀, wọ́n á wá gbin òdòdó sí i. Ọkọ̀ akẹ́rù ń bọ̀ lọ́sàn-án Sátidé.

“Òdòdó?” ni Biso Menike wí. “Wọ́n á kọ́kọ́ gbin òdòdó sí orí tìrẹ ná.”

Ó mọ ibi tí ọmọ rẹ̀ ń lọ. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ìrẹsì ti jóná mọ́ ìkòkò lọ́dún yìí, ẹ̀ẹ̀mejèèjì ni Lalith sì ń fojú wò ó láìsọ̀rọ̀. Bí ọkọ̀ bá lọ, kọ́kọ́rọ́ ilé ló kàn. Lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n á mú un lọ sí Badulla, wọ́n á fi í jókòó sẹ́bàá fèrèsé, wọ́n á máa bi í bóyá ó ti jẹun. Òun náà á di ohun tí wọ́n gbé kalẹ̀ síwájú ilé. Ọ̀rọ̀ yìí bí i nínú débi pé kò sùn dáadáa.

Láàárọ̀ Sátidé, ó ránṣẹ́ pe Sirisoma. Ó dé pẹ̀lú ìró sároǹgì nídìí, ìrẹsì tí wọ́n fi wàrà àgbọn sè ṣì wà lẹ́nu rẹ̀.

“Ìyá agbẹ̀bí, mo ti sọ tẹnu mi.”

“N ò pè ọ́ nítorí ẹnu rẹ. Ọwọ́ rẹ ni mo fẹ́ lò. Ìdí lo kọ́kọ́ gbé wáyé, èmi ni mo fà ọ́ yọ. Ó jọ pé ìdí yẹn náà lo ṣì fi ń gbọ́ ẹ́ńjìnnì.”

Lalith, tó ti dé láti Badulla, bú sẹ́rìn-ín, kó tó rántí pé òun kò sí lẹ́yìn ìyá òun.

Wọ́n tan ọkọ̀. Kó tó gbóná, abẹ́rẹ́ aago ọ́ìlì dúró ṣinṣin lórí àádọ́ta. Nígbà tó gbóná tán, ó rọra ń sọ̀ kalẹ̀ títí ó fi dé ìsàlẹ̀ mẹ́wàá, ariwo náà sì bẹ̀rẹ̀: kẹ́-kẹ́-kẹ́-kẹ́. Biso Menike tú aṣọ funfun kan, ó mú ìwo onígi jáde, èyí tó fi ń gbọ́ ọkàn ọmọ nínú ikùn ìyá. Ó gbé ẹnu ìwo lé ẹ̀gbẹ́ ẹ́ńjìnnì nísàlẹ̀, ó fi etí tì í. Kò gbọ́ ju híhun tó ń lọ geere. Ó gbé e lé ìdérí òkè. Kẹ́-kẹ́ náà gbá a létí tó bẹ́ẹ̀ tó fi fa orí sẹ́yìn.

“Òkè ló wà. Kò sí nísàlẹ̀.”

“Ìyá, ariwo máa ń rìn nínú irin,” ni Sirisoma wí.

“Ó dáa. Máa yọ wáyà púlọ́ọ̀gì lọ́kọ̀ọ̀kan. Bó bá jẹ́ bẹ́ríìn ni, ariwo á rọlẹ̀ nígbà tí ibi tó ń dùn ún ò bá ru ẹrù mọ́. Ìwọ lo kọ́ mi, lọ́dún tí o gba òmìnira iṣẹ́.”

Sirisoma yọ ti àkọ́kọ́. Ọkọ̀ ń gbọ̀n, kẹ́-kẹ́ kò yí padà. Ó dá a padà, ó yọ ìkejì, ó yọ ìkẹta. Nígbà tó dá ìkẹrin padà, kẹ́-kẹ́ ṣì ń lọ bákan náà. Ó pa ọkọ̀, ó wá fa ọ̀pá tí wọ́n fi ń wọn ọ́ìlì jáde. Ọ́ìlì ti kọjá àmì òkè.

“Ẹ bù kún un ni?”

“N ò bù kún un.”

Ọ́ìlì kì í dédé pọ̀ sí i. Biso Menike gba ọ̀pá náà, ó gbé e sí imú.

“Bẹntiróòlù,” ló wí. “Bẹntiróòlù ti wọ inú ọ́ìlì, ó ti ṣàn bí omi. Ìdí nìyẹn tí abẹ́rẹ́ fi ń wálẹ̀, tí àwọn tòkè kò fi rí mu tí wọ́n sì ń pariwo.”

“Níbo ló gbà wọlé?” ni Lalith béèrè.

Ìyá rẹ̀ nawọ́ síbi ìjókòó awakọ̀ láti gbé ìwo rẹ̀ sí i, ọwọ́ rẹ̀ sì kan nǹkan. Pẹ́ẹ̀gì ni, pẹ́ẹ̀gì búlúù tí wọ́n fi ń há aṣọ mọ́ okùn. Gbogbo ẹni tó ní Mọ́rísì lórí òkè yẹn ló ń ṣe bẹ́ẹ̀: láàárọ̀ tí òtútù bá mú, wọ́n á fa ṣóòkù, bọ́tìnnì kékeré tó wà níwájú awakọ̀, jáde kí ẹ́ńjìnnì lè mu epo dáadáa, wọ́n á fi pẹ́ẹ̀gì há a kó má baà padà. Bó bá gbóná, wọ́n á yọ ọ́. Biso Menike kò yọ tirẹ̀. Kò tiẹ̀ mọ iye ọjọ́ tó ti wà níbẹ̀, tí epo ń dà wọlé láìdúró.

 Ó yọ pẹ́ẹ̀gì, ó ti ṣóòkù padà, ó di ọwọ́ rẹ̀ pa. Kò sẹ́ni tó rí i. Sirisoma ti tẹrí síbòmíràn, ó ń wí pé, “Kabúrétọ̀ yìí ló ti gbó, òun ló ń jò.” Ọ̀nà àbáyọ ti là. Kó ṣáà dákẹ́ ni.

Ṣùgbọ́n nínú ìwé ìgbẹ̀bí rẹ̀, ibì kan wà tó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ sí pé: *Mo pẹ́ kí n tó ránṣẹ́ pe dókítà.* Ìyá yè, ọmọ yè, kò sì sẹ́ni tó ní kó kọ ọ́. Ó jáde, ó la àtẹ́lẹwọ́.

“Kì í ṣe kabúrétọ̀. Èmi ni. Mo gbàgbé pẹ́ẹ̀gì.”

Lalith wo pẹ́ẹ̀gì náà pẹ́. Ohùn rẹ̀ rọ̀, ìyẹn ló sì burú jù. “Màmá, ohun tí mo ń sọ gan-an nìyí.”

“Ohun tí o sọ kọ́ nìyí! O ní ọkọ̀ mi ti kú. Sirisoma náà ní ó ti kú. Ẹ̀yin méjèèjì tí ẹ kì í gbàgbé nǹkan, ẹ fẹ́ sin alààyè. Èmi tí mo gbàgbé ni mo gbọ́ ọ, èmi ni mo gbóòórùn rẹ̀, èmi náà ni mo jẹ́wọ́. Mo ti dàgbà, mi ò bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Ṣé àgbàlagbà ló wá di òkú?”

 Ojú ti Sirisoma. Òun fúnra rẹ̀ ló sáré lọ mú ọ́ìlì tuntun wá, ó da ti tẹ́lẹ̀ nù, ó sì tún tápẹ́ẹ̀tì, irin kékeré méjì tó ti tú lókè ẹ́ńjìnnì, ṣe. Nígbà tí wọ́n tan ọkọ̀, wọ́n dúró yí i ká títí ó fi gbóná. Abẹ́rẹ́ sọ̀ dé ogójì, ó dúró síbẹ̀. Kẹ́-kẹ́ ti dákẹ́.

Ọkọ̀ akẹ́rù fọn fèrè lẹ́nu ọ̀nà. Biso Menike wọ Mọ́rísì, ó sì fi pẹ́ẹ̀gì búlúù náà há etí sárì rẹ̀ léjìká, níbi tí gbogbo ayé ti lè rí i. Lalith ṣílẹ̀kùn kejì, ó jókòó.

“Bí mo bá sọ̀ kalẹ̀ tí pẹ́ẹ̀gì kò sí léjìká mi níbí,” ni ìyá rẹ̀ wí fún un, “á jẹ́ pé orí ṣóòkù ló wà. Ìwọ tí ojú rẹ mú, máa wò ó.”

Awakọ̀ akẹ́rù yọrí. “Ìyá, ọkọ̀ tí mo wá gbé ńkọ́?”

“Òun ló ń bọ̀ wá bá ọ yìí. Sún sẹ́yìn! Sọ fún ọ̀gá rẹ kó lọ ra ìkòkò òdòdó.”

Mọ́rísì gun òkè náà láìdúró. Ní ibùdókọ̀ ojú irin, ọkùnrin tó ń gba tíkẹ́ẹ̀tì kí i, ó sì rẹrìn-ín músẹ́.

“Ìyá agbẹ̀bí, ẹ gbàgbé pẹ́ẹ̀gì sára sárì yín.”

“N ò gbàgbé,” ni Biso Menike wí. “Èmi ni mo fi í síbẹ̀.”