Ìwé Mẹ́ta Tí Mo Fọwọ́ Sí Níbi Ìpìlẹ̀

Ẹsẹ̀ ọkọ mi ló fà á tí mo fi lọ ra ilé tí wọn kò tíì kọ́. Ilé pẹ́tẹ́ẹ̀sì la ń gbé ní Apòmù. Àwa méjèèjì la jọ kọ́ ọ nígbà tí mo ṣì ń ṣe tíṣà ní Ìkirè. Òkè la ń gbé. Ṣọ́ọ̀bù ló wà nísàlẹ̀, owó tí àwọn ayálégbé ń san la sì fi ń ra oògùn. Nígbà tí àìsàn rọpárọsẹ̀ mú un ní apá kan, kò lè sọ̀ kalẹ̀ mọ́ àfi bí ọkùnrin méjì bá gbé e. Mo fẹ́ ilé tí kò ní àtẹ̀gùn fún un.

Ọmọ kan tí mo kọ́ ní ìwé mẹ́fà ti di ẹni tó ń kọ́lé tà lọ́nà Gbọ̀ngán. Ó wá dọ̀bálẹ̀ gbalaja ní pálọ̀ wa.

"Ìyá wa, oṣù mẹ́wàá péré. Bàbá á máa rìn káàkiri bí ọmọ ọdún méjì."

Ọkọ mi ní, "Ọmọ ọdún méjì a máa ṣubú o."

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Báńkì yá mi lówó, mo sì fi ilé Apòmù dúró fún owó náà. Àdéhùn ni pé bí iṣẹ́ bá ṣe ń lọ ni báńkì yóò máa sanwó fún kọ́lékọ́lé náà díẹ̀díẹ̀, mo sì gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí ìwé kí wọ́n tó san èyíkéyìí.

Lọ́jọ́ ìpìlẹ̀, a pe àwọn àfáà, a pín bisikíìtì àti ṣúgà. Àfáà àgbà ti gbé ọwọ́ àdúà sókè nígbà tí ọmọ náà ki ìwé mẹ́ta bọ̀ mí lọ́wọ́.

"Ti báńkì ni, ìyá wa. Ẹ bá wa fọwọ́ sí i, kó lè wọnú àdúà."

Lọ́dọ̀ wa, ẹni tó bá ń ṣí ìwé wò nígbà tí ọwọ́ àdúà ti wà lókè dà bí ẹni tó ń fura sí ọmọ náà àti sí àdúà pọ̀. Mo fọwọ́ sí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lórí bọ́nẹ́ẹ̀tì mọ́tò rẹ̀. Gbogbo èèyàn ṣe àmín.

Oṣù mẹ́wàá pé, koríko ló wà lórí ìpìlẹ̀. Báńkì sì ń yọ owó nínú owó ìfẹ̀yìntì mi lóṣooṣù. Mo dá sísan owó náà dúró, mo rò pé báńkì á lọ bá kọ́lékọ́lé náà jà. Àṣìṣe nìyẹn. Èmi ni wọ́n kọ̀wé sí: wọ́n ní àwọn máa ta ilé Apòmù.

Mo gba ọ̀dọ̀ ọmọbìnrin lọ́yà kan lọ ní Ìkirè. Ó tẹ́ àwọn ìwé mẹ́ta náà, tí báńkì fi san gbogbo owó fún ọmọ náà, sórí tábìlì.

"Màmá, ìwé kẹta yìí sọ pé ilé ti parí, pé kọ́kọ́rọ́ ti wà lọ́wọ́ yín."

"Kọ́kọ́rọ́ wo? Ilẹ̀kùn ò sí níbẹ̀!"

"Mo mọ̀, mà. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin lẹ fọwọ́ sí i."

Ó wá là á yé mi. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe sọ ọ́, torí ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń ṣì í mú bíi tèmi. Gbèsè báńkì ọ̀tọ̀, ilé ọ̀tọ̀: bí ẹni tó ń kọ́lé bá jẹ̀bi, ìyẹn nìkan kò pa gbèsè rẹ́. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí báńkì rán òṣìṣẹ́ wá wo ilé náà kí ó tó san owó ìkẹyìn, kò sì rán ẹnikẹ́ni. Ibẹ̀ la ti máa mú un. Ó ní a ó pe báńkì àti kọ́lékọ́lé náà lẹ́jọ́, a ó sì bẹ ilé ẹjọ́ kí báńkì má ta ilé títí ìdájọ́ yóò fi wáyé. Èmi sì gbọ́dọ̀ búra pé mo fọwọ́ sí ìwé láì kà á.

"Ṣé a ò lè sọ pé ojú mi ò ríran dáadáa?"

"Ṣé kò ríran ni, mà?"

"Ó ríran."

"Tíṣà ni yín o, màmá."

Ojú tì mí. Mo délé, mo sọ fún ọkọ mi.

"Ìwọ! Ìwọ tí o máa ń ka ẹ̀yìn páálí oògùn mi tán kí o tó fún mi!" Ó rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi mú un. Lẹ́yìn náà ló ní, "Tí wọ́n bá ta á, ta ló máa gbé mi sọ̀ kalẹ̀?"

Mo búra. Adájọ́ ní kí báńkì má fọwọ́ kan ilé náà, kí gbogbo nǹkan wà bó ṣe wà. Inú mi dùn, mo sọ fún lọ́yà pé mo fẹ́ gba ṣọ́ọ̀bù méjì, kí n da ògiri àárín wọn wó, kí n fi ṣe yàrá fún Alàájì, ọkọ mi, nísàlẹ̀.

"Rárá o, mà. Bó ṣe wà ni wọ́n wí. Ẹ má fọwọ́ kan ògiri kankan."

Wọ́n ti sún ẹjọ́ náà síwájú lẹ́ẹ̀mẹta. Bí mo bá ti ti ilé ẹjọ́ dé, kí n tó bọ́ ìborùn ni ọkọ mi á ti béèrè láti orí àga rẹ̀:

"Wọ́n ní kí n máa sọ̀ kalẹ̀ bọ̀?"

"Wọn ò tíì sọ bẹ́ẹ̀, Alàájì."