Agolo Mílíkì Tó Wà Lórí Òrùlé

“Ti ìka rẹ bọ inú ẹ̀ kanlẹ̀. Má gbọ̀n ọ́n. Omi dé ibo?” ni Àlàájà bi mí.

Orí òrùlé ilé wa ní Ruwáìsì, ní ìlú Jídà, ni mo kúnlẹ̀ sí, òjò ìgbà òtútù ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rọlẹ̀. Afẹ́fẹ́ òkun gbé òórùn iyọ̀ wá, ààrá sì ń kù lápá ibi tí Mẹ́kà wà. Agolo mílíkì kan, tí wọ́n fi búlọ́ọ̀kù há mọ́lẹ̀, ló wà níwájú mi. Mo ti ìka ìfábẹ̀lá bọ̀ ọ́, ó tutù dé egungun. Ọjọ́ yẹn ni wíwọn òjò wọ̀ mí lẹ́wù.

Àlàájà tó ń din àkàrà tà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wa ló ni agolo náà. Ó wá ṣe Úmúrà ní Mẹ́kà, kò padà sílé mọ́, kò sì ní ìkáámà, ìwé tí èèyàn fi ń gbé ìlú yìí. Ọmọbìnrin rẹ̀ ń gbé ní Rusáífà, ní Mẹ́kà. Lójú ọ̀nà, àwọn ọlọ́pàá máa ń yẹ ìwé wò. Bí wọ́n bá mú un, ilé ni wọ́n máa dá a padà sí. Ṣùgbọ́n bí òjò bá le, wọ́n á sá wọ àgọ́, wọ́n á máa juwọ́ sí ọkọ̀ pé kó kọjá. Òjò tí gbogbo Jídà ń sá fún ni Àlàájà ń dúró dè. Bí omi agolo bá jẹ́ oríkèé ìka kan, ọlọ́pàá ṣì wà níta. Bó bá di mẹ́ta, àgbàrá àfonífojì ti bo títì, ó ń gbé mọ́tò. Méjì ni ọ̀nà tirẹ̀.

Láti ìdájí ọjọ́ náà ni ọmọ rẹ̀ ti ń rọbí, kò sì sí ẹbí kankan lọ́dọ̀ rẹ̀.

“Talaata!” ni mo ké.

“Sọ Yorùbá, ìwọ ọmọ Lárúbáwá yìí,” ni Àlàájà wí.

“Mẹ́ta, mà. Ó ti kan ẹ̀kẹta.”

Ìyá mi fa ìborùn Àlàájà. “Àlàájà, ẹ ti gbọ́ o. Àgbàrá ò mọ ìyá ọlọ́mọ.”

“Ìka ta ni wọ́n fi wọ̀n ọ́n ná? Ìka bí igi ìtayín yìí?” Àlàájà bẹ̀rẹ̀, ó ti ìka tirẹ̀ tó ń rùn fún àlùbọ́sà bọ agolo. Ó fà á yọ, ó wò ó. “Méjì. Ó lé díẹ̀.”

“Ẹ̀yin náà lẹ sọ pé ó lé!” ni ìyá mi ké.

“Díẹ̀ ni mo wí.”

Ó sọ̀ kalẹ̀, ó fi ọ̀rá bo orí, ó wọ takisí. Omi ti ń lá táyà rẹ̀ bó ṣe ń lọ. Ìyá mi pe fóònù rẹ̀ títí, kò wọlé. Ìlẹ̀kẹ̀ tẹ̀súbáà ń dún lọ́wọ́ ìyá mi. Ẹ̀wà lílọ̀ tí Àlàájà fi sílẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kan nínú abọ́.

Lẹ́yìn Alásárì, fóònù dún. Kò sẹ́ni tó kí wa. Ẹkún ọmọ tuntun la kọ́kọ́ gbọ́.

“Ẹ gbọ́ ọ àbí?” Ohùn Àlàájà ti há. “Omi wọlé bá wa nínú mọ́tò ká tó dé. Ẹ bá mi din àkàrà yẹn kó tó bàjẹ́.”

Ilé ìwé kankan ò kọ́ mi ní ọ̀rọ̀ òjò. Lónìí mo ní ìgò ìwọ̀n òjò tó péye, ṣùgbọ́n mi ò tíì gbé agolo kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ìka mi ti gùn tó ti Àlàájà báyìí. Ní ìgbà òtútù tó kọjá, wọ́n ti ọ̀nà Mẹ́kà pa, àgbàrá ti bò ó. Mo gun òrùlé. Ìgò ka mílímítà méjìdínláàádọ́ta. Mo ti ìka bọ agolo.

Méjì. Ó lé díẹ̀.