Omi Inú Ilé Onítáyà

Òórùn fóòmù àti páákó tí oòrùn ti sè láti àárọ̀ ni mo fi mọ ilé onítáyà náà. Bí a bá ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀ lọ́sàn-án, òórùn yẹn ni yóò kọ́kọ́ jáde wá pàdé ẹni, kí ooru tó tẹ̀lé e. Ẹ̀yìn ilé tí mo ń gbé ní Surulere ni wọ́n gbé e sí, lábẹ́ igi máńgòrò kan tó máa ń ju èso lé e lórí, kòó, kòó, bí ẹni ń kanlẹ̀kùn. Ìwọ ọ̀rẹ́ mi tí o gbé Mushin nígbà náà lè ti rí i rí, nítorí àwọn èèyàn máa ń rìn wá láti ọ̀nà jíjìn kí wọ́n lè yọjú wo inú rẹ̀. Funfun ni, pẹ̀lú ìlà aláwọ̀ ewé kan lẹ́gbẹ̀ẹ́. Mọ́tò ló ń fà á kiri, ṣùgbọ́n ilé ni: ó ní bẹ́ẹ̀dì, sítóòfù kékeré kan, àwo ìfọwọ́, àti ẹnu ẹ̀rọ omi tí kò tóbi ju àtàǹpàkò lọ. Òyìnbó kan tó ń ṣe títì ló gbé inú rẹ̀ títí iṣẹ́ rẹ̀ fi parí, bàbá onílé wa sì rà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Ìjẹ̀ṣà ni bàbá náà. Ó ti ṣe gáàdì nínú ọkọ̀ ojú irin títí ó fi fẹ̀yìn tì, kò sì sí ibùdókọ̀ tí kò tíì ju àsíá sí láti Ìddó dé Kánò. Kíkọjá tó ń kọjá lọ yìí ló dùn ún jù. "Mo mọ orúkọ gbogbo ìlú wọn," ó máa ń sọ fún mi, "ṣùgbọ́n n kò mọ bí ọbẹ̀ wọn ṣe rí." Ìdí nìyẹn tó fi ra ilé onítáyà, kí òun àti Màmá, ìyàwó rẹ̀, lè máa sùn ní ìlú tó bá wù wọ́n, kí ẹnikẹ́ni má fọn fèrè pé ó yá. Ṣùgbọ́n kí ó tó rí mọ́tò tí yóò fà á, ojú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í di kùrukùru. Ọmọbìnrin rẹ̀ tó ń ṣe nọ́ọ̀sì ní ìlú òyìnbó ní kí ó máa bọ̀, pé wọn yóò ṣe iṣẹ́ abẹ sí ojú méjèèjì, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì. Lọ́jọ́ tó ń lọ, ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ara ilé onítáyà, ó ní, "Akọ̀wé, ẹ má jẹ́ kí nǹkan ṣe é o."

Èmi ni akọ̀wé. Mo wà ní ọdún tó kẹ́yìn ní yunifásítì, ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì ni mo ń kọ́, yàrá kan ní ẹ̀yìn ilé ni mo sì háyà. Màmá kò mọ̀wé. Òwú àti bọ́tìnnì ló ń tà ní ọjà Yábàá, ó lè wo aṣọ kan kí ó sọ iye bọ́tìnnì tó máa gbà, ṣùgbọ́n lẹ́tà kò ní ìtumọ̀ lójú rẹ̀. Nítorí náà, èmi ni mò ń bá a ka èyí tó bá dé, èmi ni mo sì ń kọ èsì. O rántí bí iṣẹ́ yẹn ṣe rí láyé ìgbà yẹn. Kì í ṣe iṣẹ́ kékeré. Gbogbo àṣírí tọkọtaya á gba ẹnu rẹ kọjá, ìwọ á sì máa ṣe bí ẹni pé o kò gbọ́.

Ìgbà tí ọyẹ́ ń kù sí dẹ̀dẹ̀ ni lẹ́tà kejì dé, bébà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ aláwọ̀ ojú ọ̀run. Ọmọ ló kọ ọ́, bàbá ló ń sọ ọ́. Wọ́n ti ṣe ojú àkọ́kọ́. Lẹ́yìn náà ló ní: "Òtútù ibí yìí kì í ṣe òtútù ọmọ èèyàn. Omi di òkúta nínú páìpù wọn, páìpù sì là gbàrà. Ọkọ ọmọ wa ní ẹni tó bá fi ilé onítáyà sílẹ̀ rìnrìn àjò gbọ́dọ̀ fa gbogbo omi inú rẹ̀ dànù, kí ó ṣí ẹnu ẹ̀rọ sílẹ̀, kí ó gbé fóòmù dìde kúrò lára ògiri, kí ó sì fi aṣọ we páìpù. Ọyẹ́ ń bọ̀ lọ́dọ̀ yín. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi ṣe é, kí ẹ sì kọ ọ́ sí mi pé ẹ ti ṣe é."

Sínglẹ́ẹ̀tì ni mo wọ̀, òógùn sì ń já bọ́ láti ṣóńṣó imú mi. Màmá ń ṣa ẹ̀wà lórí àwo. Mo wo ohun tí mo fẹ́ kà, ojú tì mí fún bàbá. Mo rò pé ọjọ́ orí ti ń mú un lọ, tàbí pé oògùn tí wọ́n fún un ló ń sọ̀rọ̀. Kí Màmá má baà mọ̀ pé ọkọ rẹ̀ ń bẹ̀rù yìnyín ní Surulere, mo fò láti orí òtútù bọ́ sórí ìkíni. Ohùn mi kò tilẹ̀ yẹ̀.

"Ó parí?" ni Màmá wí.

"Ó parí, mà."

"Kò bèèrè ilé rẹ̀?"

"Ó ní ká kí gbogbo ilé."

Ó ju ẹ̀wà tó ti díbàjẹ́ kan nù. "Ó dáa," ló wí. A kọ èsì pé àlàáfíà la wà.

Lẹ́tà tó tẹ̀lé ìyẹn kò jẹ́ ti bàbá mọ́. Ọmọ náà ló ń sọ ti ara rẹ̀. Ó ní Bàbá ti kọ̀ láti ṣe ojú kejì. Bàbá ní òun bèèrè ọ̀rọ̀ omi, wọn kò dá òun lóhùn, nítorí náà nǹkan wà tí wọ́n ń fi pa mọ́ fún òun nílé. Bóyá ilé onítáyà ti jóná. Bóyá Màmá gan-an ni nǹkan ṣe, tí ẹlòmíràn ń fi orúkọ rẹ̀ kọ̀wé. Bàbá ti di àpótí rẹ̀, ó fẹ́ padà wálé. Dókítà sì ti dá ọjọ́. Bí ọjọ́ náà bá kọjá, kò sí ẹni tó lè sọ ìgbà tí òmíràn yóò yọ.

Èyí kò ṣe é fò. Mo kà á tán, mo lọ mú lẹ́tà àtijọ́ wá, mo ka ibi tí mo fò fún Màmá. Ó gbọ́ ọ dópin.

"Kí ló dé tí o fi fò ó?"

"Màmá, omi kì í dì ní Èkó."

"Ta ló sọ fún ọ pé ó ń dì? Èmi tí mo ti ń gbé Èkó kí wọ́n tó bí ọ?" Kò pariwo. Ó ká lẹ́tà náà, ó tún un ká. "Ìwọ ni ojú tí mo fi ń ríwèé. Ojú kì í yan ohun tí yóò fi han ẹni tó ni ín."

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo wọ abẹ́ ilé onítáyà pẹ̀lú sípánà. Omi tó jáde pọ́n bí tíì, ó sì ń rùn bí irin tó ti dógùn-ún. A gbé fóòmù dìde. Màmá kó àpò wá fún páìpù. Télọ̀ tó ń gbé yàrá iwájú yọrí lójú fèrèsé.

"Màmá, ṣé yìnyín ti dé Ojúẹlẹ́gbà ni?"

"Ó ti dé Yábàá. Sáré lọ ká aṣọ àwọn oníbàárà rẹ wọlé."

"Kí ló dé tẹ́ ẹ ń fi àpò we é? Á yún un lára." Kò pẹ́, òun fúnra rẹ̀ dé pẹ̀lú ẹrù àjákù aṣọ láti abẹ́ máṣíìnì rẹ̀ àti okùn tó fi ń wọn aṣọ lọ́rùn. Ó wọn páìpù bí ẹni tó fẹ́ rán ṣòkòtò fún un, ó ní ìbàdí rẹ̀ ti tín-ín-rín jù. A fi àǹkárá, léèsì àti kakí we é láti òkè délẹ̀.

Màmá ránṣẹ́ pe onífọ́tò kan láti Sábó. Màmá dúró sí ẹnu ilẹ̀kùn ilé onítáyà, ó dojú garawa kodò lọ́wọ́ ara rẹ̀, kí ẹni tó bá wò ó mọ̀ pé omi ti tán. Lẹ́yìn náà ó ní kí n kọ̀wé, ó sì ń sọ ọ́ díẹ̀díẹ̀: iye garawa omi, àwọ̀ rẹ̀, aṣọ tí a fi we páìpù kọ̀ọ̀kan. Ní ìparí ó ní, "Kọ ọ́ pé ẹni tó ń bá mi kàwé ló fò ó, àti pé ó ti tọrọ àforíjì." Mo fi ọwọ́ ara mi kọ ọ́.

Ọjọ́ tí dókítà dá kù díẹ̀ nígbà tí a fi í ránṣẹ́. Láàárín àkókò yẹn, bí mo bá gbọ́ agogo kẹ̀kẹ́ onílẹ́tà, ìdí mi kì í lè jókòó mọ́. Ó tó oṣù kan kí èsì tó dé. Bàbá ti ṣe ojú kejì. Ó ní kí wọ́n fi fọ́tò náà sábẹ́ ìrọ̀rí òun kí wọ́n tó gbé òun wọ yàrá iṣẹ́ abẹ.

Òjò àkọ́rọ̀ ti rọ̀ nígbà tó padà dé, ó sì wọ awò tó nípọn bí ìdí ìgò. Kò wọ yàrá kó tó gba ẹ̀yìn ilé. Ó lóṣòó, ó na ọwọ́ sábẹ́ ilé onítáyà, ó ń wo àwọn àjákù aṣọ náà lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì ń rẹ́rìn-ín. Mo dọ̀bálẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ ẹ́.

"Dìde, akọ̀wé. Mo mọ̀ pé omi kì í dì ní Surulere. Bí mo ṣe dùbúlẹ̀ síbẹ̀ tí wọ́n di ojú mi, kò sí ohun kan nínú ilé mi tí ọwọ́ mi tún lè tó. Ìyẹn nìkan ni mo rí tí mo lè ní kí ẹ bá mi ṣe."

Ẹ̀ẹ̀kan péré ni wọ́n fa ilé onítáyà náà lọ sókè, ó dé Ọ̀fà. Nígbà tí wọ́n padà dé, Màmá ní ọbẹ̀ wọn ti ta jù. Inú Bàbá dùn pé òun wá mọ̀.

Ó ti pẹ́. Àwọn méjèèjì ti sùn, èmi náà sì ti ń wọ awò tó nípọn. Gbogbo ohun tí mo kọ́ ní yunifásítì, díẹ̀ ló kù lórí mi, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí mo fò yẹn kò kúrò. Mo ti wá mọ̀ pé iṣẹ́ tí ẹni tó jìnnà sílé rẹ̀ bá rán, kì í ṣe ti ọgbọ́n orí nìkan. Ọwọ́ ló ń nà wá sílé. Ọmọkùnrin mi wà ní ilẹ̀ olótùútù báyìí, ó kàwé jù mí lọ fíìfíì. Láti Yábàá níbí ni mo ti máa ń pè é lórí fóònù pé kí ó yẹ gáàsì wò kí ó tó sùn. Nígbà mìíràn mo máa ń gbọ́ bí àga ṣe ń dún, tó ń dìde lọ wò ó. Nígbà mìíràn á ní, "Bàámi, mo ti pa á," kí n tó sọ̀rọ̀ tán. Bó bá ti yá báyẹn, mo mọ̀ pé ó fò ó ni. N kì í bá a wí. Mo máa ń tún un bèèrè ni.