Ègé Iṣu Inú Agolo

"Kó!" Ohun tí kúkì náà dún nìyẹn nígbà tí ìyá arúgbó fi lu etí abọ́. Ó tún un lù: "Kó!" Adìẹ tó ń jẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà sá lọ.

"Bàbá," ó ní, "ṣé ẹ gbọ́ bó ṣe ń dún? Ọgbọ̀n ọdún lẹ fi dáná fún àwọn fadá òyìnbó. Ṣé eyín irin ni wọ́n ní ni?"

Ọkọ rẹ̀ ni aládùúgbò wa ní Ìyèrè, lẹ́bàá Ọ̀wọ̀, nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́jọ. Ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ kúkù nílé àwọn fadá, ṣùgbọ́n épírọ́ọ̀nù funfun rẹ̀ kò bá a fẹ̀yìn tì. Bó bá ti wọ̀ ọ́, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sọ pé bísíkíìtì ló ń ṣe.

"Kúkì ni," ni yóò wí. "Bísíkíìtì ló ń le. Kúkì a máa rọ̀."

"Kúkù ṣe kúkì," ni ìyàwó rẹ̀ á dáhùn, "kúkì le ju kúkù lọ."

Àwa á rẹ́rìn-ín títí. Bàbá kì í rẹ́rìn-ín. Òótọ́ ni pé kúkì rẹ̀ a máa rọ̀ nígbà tó bá ṣì gbóná, àmọ́ bí ilẹ̀ bá fi mọ́, ó ti di èkùrọ́. Eyín méjì péré ló sì kù lẹ́nu Ìyá, àwọn méjèèjì kò sì kọjú síra wọn.

Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, ọ̀rọ̀ náà dun Bàbá. Ó dìde. "Ọjọ́ Àìkú tó ń bọ̀ la máa dúpẹ́ ìgbéyàwó wa ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ojú gbogbo ìjọ lo ti máa jẹ kúkì mi, èrìgì lo sì máa fi jẹ ẹ́. Bó bá le, màá fi épírọ́ọ̀nù yìí nu ilẹ̀, n kò sì ní dáná mọ́ láyé."

Ìyá ní, "Ẹ jẹ́ kí n tètè lọ wá ilẹ̀ tó dọ̀tí."

Láàárọ̀ Àbámẹ́ta, Bàbá po bọ́tà pọ̀ mọ́ ṣúgà títí ó fi funfun bí òwú, ó sì po ìyẹ̀fun mọ́ ọn. Ó da yanrìn sí ìsàlẹ̀ ìkòkò irin, ó gbé páànù lé e, ó sì kó ẹyin iná sórí ọmọrí. Èmi ni mò ń fẹ́ná. Kò sẹ́ni tó mọ iná fẹ́ bíi tèmi ní gbogbo Ìyèrè nígbà náà, títí kan àwọn alágbẹ̀dẹ. Òórùn kúkì náà dé títì. Àárín kúkì náà ṣì rọ̀ nígbà tí Bàbá sọ̀ ọ́ kalẹ̀.

"Sọ̀ ọ́ kó tó rò pé òun ti jinná," ó ní.

Nígbà tó tutù, Bàbá tò ó sínú agolo, ó sì fà mí mọ́ra. "Ọma mi, àṣírí tí fadá fi hàn mí kó tó padà sílùú rẹ̀ rèé: ègé búrẹ́dì kan. Bí a bá dé e mọ́ kúkì, omi ara búrẹ́dì ni kúkì á máa mu. Búrẹ́dì á gbẹ, kúkì á rọ̀. Fi sí i, kí o dé e pa. Mò ń lọ wẹ̀."

Ṣé ẹ mọ̀ pé búrẹ́dì kì í ṣe ohun tí à ń rí lójoojúmọ́ nígbà yẹn? Ọwọ́ mi ń gbé e lọ sínú agolo, ẹnu mi pàdé rẹ̀ lọ́nà.

Ọmọ mìíràn ìbá bú sẹ́kún. Èmi ronú. Ìwé mẹ́ta ni mo kà, ṣùgbọ́n orí mi kò dúró ní ìwé mẹ́ta. Iṣu wà lórí iná ìyá mi, wọ́n fẹ́ gún un. Mo bi ara mi pé, kí ló tún lómi lára tó búrẹ́dì? Ọmọ Ọ̀wọ̀ sì ni mí. Ohun tó bá bàjẹ́, iṣu la kọ́kọ́ ń fi tún un ṣe. Mo yọ ègé kan, mo fẹ́ ẹ títí ó fi tutù, mo fi sínú agolo, mo dé e pa.

Lọ́jọ́ kejì, lẹ́yìn ìsìn, Bàbá ṣí agolo lójú gbogbo èèyàn. Òórùn iṣu ló kọ́kọ́ jáde. Ó tọwọ́ bọ̀ ọ́, ó sì fa ègé iṣu yọ.

Ẹnìkan láàárín àwọn akọrin ké pé, "Bàbá, ṣé oko lẹ ń lọ láti ibí ni?"

Bàbá wojú mi. Ẹsẹ̀ mi ti ń wá ọ̀nà. Àmọ́ Ìyá ti mú kúkì kan ní tirẹ̀, ó ti fi sẹ́nu. Gbogbo wa ń retí "kó". A kò gbọ́ nǹkan kan. Ẹnu rẹ̀ ń lọ, ó ń bọ̀. Ó mú ìkejì.

"Ó rọ̀," ó ní. "Ó tún ní òórùn iṣu! Bàbá, kí ló dé tẹ́ ẹ fi ń fi irú èyí pa mọ́ fún mi láti ọjọ́ yìí?"

Bàbá na épírọ́ọ̀nù rẹ̀. "Ọgbọ́n orí mi ni," ó ní, ojú kò tì í rárá.

Mo la ẹnu kí n sọ òótọ́. Ó ju kúkì kan sí i.

Láti ìgbà náà, ní gbogbo Àbámẹ́ta, yóò pè mí, yóò fún mi ní ègé búrẹ́dì kan. "Jẹ ẹ́ tán lójú mi. Ó dáa, lọ gbé iṣu wá." Ìyá ń jẹ kúkì títí ó fi kú, ó sì ń yin ọkọ rẹ̀ fún gbogbo ẹni tó bá yà kí i.

Lónìí, èmi ni mò ń ṣe kúkì nítòsí pólì Ọ̀wọ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ti gbogbo ìlú wá á ní kúkì mi kì í le, wọ́n á bi mí pé ẹ̀rọ wo ni mò ń lò. Kò sí ohun tí mo ṣe rí tí n kò fi yangàn. Ẹ bi ìyàwó mi. Èyí nìkan ni mo dákẹ́ lé lórí ní gbogbo ìgbà tí Ìyá fi wà láyé, torí bó ṣe ń wo ọkọ rẹ̀ bó bá ti ń jẹ ẹ́. Ní báyìí tí àwọn méjèèjì ti lọ, mo lè wí i: èmi ni!

Síbẹ̀, bí Àbámẹ́ta bá dé, n kì í fi iṣu sínú agolo láì kọ́kọ́ dúró jẹ ègé búrẹ́dì kan tán. Bí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bá sì bi mí, tí ọ̀rọ̀ náà fẹ́ bọ́ lẹ́nu mi, mo máa ń ju kúkì kan sí i.