Èèpo Orúwo Tí Wọ́n Sun ní Bodè

Nígbà tí mo ṣì ń wọ ṣòkòtò péńpé lọ sí ilé ẹ̀kọ́, ìjọba ológun ti bodè pa. Ẹ̀yin ọmọ òde òní, ẹ fojú inú wò ó: ilé wa wà ní Ìlárá, oko wa sì wà ní òdìkejì ààlà. Ìjọba kò bi ẹnikẹ́ni léèrè kí ó tó sọ ẹni tí ó ń ti oko rẹ̀ bọ̀ di onífàyàwọ́.

Ìyá àgbà tí ó tọ́ mi mọ ewé, ó sì mọ egbò. Bí ó bá ń bó èèpo igi, apá kan ṣoṣo ni yóò bó, yóò sì fi ẹrẹ̀ pa ojú ọgbẹ́ náà kí igi má baà kú. Èmi ni ó ń kọ́. Nítorí èyí ni àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ní ilé ẹ̀kọ́ ṣe ń pè mí ní “Dókítà Eléwé.”

Ní ọjọ́ kan, ibà dá ọmọ aládùúgbò wa dùbúlẹ̀. Kò sí oògùn kankan ní ṣọ́ọ̀bù kẹ́míìsì, ni a bá lọ bó èèpo orúwo ní oko. Nígbà tí a padà dé bodè, àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ti tò síbẹ̀ pẹ̀lú ẹrù iṣu wọn. Sójà kan tí kò gbọ́ Yorùbá fi Gẹ̀ẹ́sì bèèrè ohun tí ó wà nínú agbọ̀n ìyá àgbà.

“Ọkọ mi, sọ fún un pé oògùn ibà ọmọ ni,” ni ìyá àgbà wí.

“Dókítà, dá a lóhùn o!” ni ẹlẹgbẹ́ mi kan kígbe. Wọ́n bú sẹ́rìn-ín.

Ojú tì mí. Mo fi Gẹ̀ẹ́sì dáhùn pé oògùn ìkà ni, pé èmi kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Sójà náà fò sẹ́yìn, ó sì da gbogbo rẹ̀ sínú iná tí wọ́n fi ń sun àgbàdo.

“Kí lo wí fún un?”

“Oògùn ọmọ ni mo pè é, Màmá. Kò gbà ni.”

Ọjọ́ kẹrin ni a tó rí òmíràn. Ọmọ náà kò kú, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ kò gbọ́ràn mọ́. Èmi kò lè búra pé orúwo ì bá gbà á. Mo kàn mọ ẹni tí kò jẹ́ kí a gbìyànjú. Títí ìyá àgbà fi kú, sójà yẹn ni ó ń ṣẹ́ èpè fún.

Láti ìgbà tí mo ti kàwé, mo ti fi sójà náà ṣe àpẹẹrẹ ìwà ìkà àwọn aṣọ́bodè níbi gbogbo. Ìkà wọn pọ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n eléyìí, èmi ni mo ṣe é.

Ayé ti yí padà. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń gun ọ̀kadà wá sọ́dọ̀ mi láti fi fóònù ya àwòrán ewé orúwo, ẹnikẹ́ni kò sì fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Bí wọ́n bá ní kí n sọ ìtàn sójà yẹn, ọmọ aládùúgbò wa, tí òun náà ti hewú, a máa jókòó tì wá. A máa wo ẹnu mi, a sì máa rẹ́rìn-ín músẹ́ sí mi, nítorí kò gbọ́ irọ́ tí mo ń pa.