Obìnrin Tó Kọ Iyán Wa

Ní ọ̀sán ọjọ́ Ìṣẹ́gun yìí, odó ń dún nílé aládùúgbò mi. Ọmọ ọ̀dọ̀ wọn ló ń gúnyán, àwọn ọmọ tí wọ́n bí sì wà ní kíláàsì. Mo rántí ọ̀sán kan ní Ayégbajú, ìlú wa, nígbà tí mo ṣì kéré.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, tí bàbá wa ti yọ kúrò nílé ìwé, ló gúnyán lọ́jọ́ náà, tí òógùn ń kán ní àgbọ̀n rẹ̀. Obìnrin olùwádìí kan dé láti yunifásítì, ó fẹ́ mọ ohun tí ẹ̀kọ́ ń ṣe fún ìdílé.

"Gbogbo ọmọ mi ló ń lọ ulé ùwé," ni bàbá mi wí. "Ẹ kọ́kọ́ jẹun ná."

Obìnrin náà wo iyán tó ń yọ ooru, ó wo ẹ̀gbọ́n mi.

"Ẹ má bínú, bàbá. Mi ò lè jẹ iyán tí ọmọ tó yẹ kó wà ní kíláàsì gún."

"Ẹ kọ uyán mi? Lójú ìyàwó mi?"

Èmi, tí mi ò tíì tó ilé ìwé lọ, rò pé ọbẹ̀ wa ló ń rùn.

"Tó bá padà sílé ìwé, màá jẹ ẹ́ tán," ni obìnrin náà wí.

Ìgbà tí mo dé yunifásítì ni mo mọ̀ pé olùwádìí kì í tọwọ́ bọ ohun tó ń wádìí, àti pé ilé wa ti bọ́ kúrò nínú iṣẹ́ obìnrin náà lọ́sàn-án yẹn nítorí ohun tó sọ.

Bàbá mi gbé omi ìfọwọ́ síwájú àlejò náà. "Á lọ lọ́la. Ẹ fọwọ́ jàre."

Ìyá mi ti ki ọṣẹ bọ ẹ̀gbọ́n mi lọ́wọ́. "Sáré lọ fọ yunifọ́ọ̀mù rẹ, kí bàbá rẹ tó yí ohùn padà."