Ẹnì Kan Tí Jíkùkọ Pè Ní "Wọn"

Ẹ fara balẹ̀, ẹ fetí sí mi. Kò sí ẹranko tó ń fọhùn nínú ìtàn tèmi yìí. Ti àbúrò mi obìnrin ni, ó sì wà láàyè.

Jíkùkọ là ń pè é nílé, torí pé àdúrà òwúrọ̀ rẹ̀ ló ń jí àkùkọ. Aránṣọ ni. Bó bá ń fẹsẹ̀ wa ẹ̀rọ ìránṣọ, àdúrà ni. Bó bá ń ki òwú bọ ojú abẹ́rẹ́, àdúrà ni. Nígbà tí ìjọ ní kó lọ ṣe míṣọ́nnárì lókè òkun, àwọn ará àdúgbò ń sunkún lójú, wọ́n ń rẹ́rìn-ín nínú: àwọn náà á wá róorun sùn wàyí.

Ilé àwọn arúgbó ni wọ́n fi í sí níbẹ̀. Kò rí àga ìwàásù kankan. Aṣọ ló ń fọ̀, ibùsùn ló ń tẹ́, àwọn arúgbó ló ń wẹ̀. Yàrá tóóró kan ló ń gbé, ògiri rẹ̀ fẹ́lẹ́ débi pé bí aládùúgbò bá sín, òun ló ń kí i pé pẹ̀lẹ́. Ọjọ́ tó kọ́kọ́ gbàdúrà bó ti ń ṣe nílé, wọ́n gbá ògiri gbà-gbà-gbà. Láti ọjọ́ náà ló ti ń gbàdúrà sínú ìrọ̀rí.

Èdè ibẹ̀ tún wá yọ ọ́ lẹ́nu. Olùkọ́ èdè rẹ̀ ní, "Ẹnì kan, 'òun' ni. Bí wọ́n bá pé méjì sókè ló tó di 'wọn'."

"Bó bá jẹ́ àgbàlagbà ńkọ́?"

"Òun."

"Tó ti hu ewú?"

"Òun náà ni!"

Jíkùkọ káwọ́ lérí. Ó ní ẹnu òun ò gbé e, òun ò lè máa pe bàbá àgbà bí ẹni ń pe ewúrẹ́. "Wọn" ló ń wí lọ.

Lọ́dún kejì, ó pè mí lórí fóònù.

"Ẹ̀gbọ́n mi, àdúrà mi ti gbẹ."

"Ṣé kànga ni?"

"Ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ọ̀rọ̀ tí mo mọ̀ níbí ò ju ti ọmọdé lọ. Mo ń gbàdúrà, kò sẹ́ni tó ń ṣe àmín. Bí n ò bá rí ìdí tí mo fi wà níhìn-ín, tí oṣù yìí bá ti parí, mo ń bọ̀ nílé."



Bàbá kan wà nílé àwọn arúgbó náà tí wọ́n ń tún agogo ṣe kí ara wọn tó di hẹ́gẹhẹ̀gẹ. Ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí, obìnrin ni, ó ń wa bọ́ọ̀sì. Ní gbogbo Ọjọ́bọ̀ ló ń gbé aṣọ mímọ́ wá fún wọn, ṣùgbọ́n ẹnu ọ̀nà ló ń dúró sí. Á bi Jíkùkọ pé, "Ṣé ó jẹun?" Á sì yí padà. Ọdún mẹ́sàn-án ni òun àti bàbá rẹ̀ kò ti bára wọn sọ̀rọ̀. Nígbà tí ìyá rẹ̀ wà lójú ikú, ìdí agogo ni bàbá jókòó sí, wọn ò yọjú. Ó ti kìlọ̀ fún Jíkùkọ: "Tó o bá fẹ́, gbàdúrà fún un. Má fi tèmi sí i."

Jíkùkọ ò sì fi tirẹ̀ sí i rí.

Lọ́jọ́bọ̀ kan, èémí bàbá ń lọ sókè sódò. Ọmọ wọn dúró sẹ́nu ọ̀nà, àpò aṣọ lọ́wọ́. Jíkùkọ di ọwọ́ bàbá mú, ó fi èdè ọmọdé rẹ̀ gbàdúrà:

"Ọlọ́run, ọkàn wọn ń dùn wọ́n. Wọ́n ti ru ẹrù yìí pẹ́. Ọ̀rọ̀ wà nínú wọn, wọn ò mọ bí wọn yóò ṣe sọ ọ́. Bá wọn sọ ẹrù náà kalẹ̀."

Pàà! Àpò bọ́ lọ́wọ́ ọmọ.

"Ta ló sọ fún ọ?"

"Kí ni?"

"Pé èmi náà ò mọ bí mo ṣe máa sọ ọ́. O ní 'wọn'. Àwa méjèèjì lo kó pọ̀."

Jíkùkọ yanu, ó fẹ́ ní, "Rárá o, bàbá nìkan ni." Ó rí ojú obìnrin náà. Ó pa ẹnu dé.

Ọmọ wọlé, ó jókòó sétí ibùsùn. Ó ní, "Ẹ ò wá." (Èmi ni mo fi "ẹ" sí i o, ẹnu tèmi náà ò gbé e.)

Bàbá ní, "Ẹ̀rù bà mí. Agogo tó bá kú, mo lè tún un ṣe. Ìyá rẹ..." Ọmọ di ọwọ́ wọn kejì mú.

Bàbá lo ọjọ́ mọ́kànlá sí i láyé, ọmọ ò sì dúró lẹ́nu ọ̀nà mọ́.

Lẹ́yìn ìsìnkú, Jíkùkọ pè mí. "Ẹ̀gbọ́n mi, nígbà tí mo wà nílé, mo rò pé ọ̀fun mi ló ń gbé àdúrà dókè. Ẹ wá wò ó, ọ̀rọ̀ tí ò tó nǹkan ni mo ní, mo tún ṣì í sọ, Ọlọ́run sì gbà á. Pé kí ẹnu erùpẹ̀ bí èyí sọ̀rọ̀, kí Ọba òkè dẹtí sí i! Mo ti ń gbàdúrà láti kékeré, n ò dúpẹ́ àdúrà fúnra rẹ̀ rí."

"Ṣé o sọ fún ọmọ náà pé àṣìsọ ni?"

"Mo sọ fún un. Ó rẹ́rìn-ín títí omijé fi bọ́. Ó ní n kò gbọdọ̀ ṣàtúnṣe rẹ̀ láé."

Oṣù tó fẹ́ fi padà wálé ti parí láti ọdún mọ́kànlá sẹ́yìn. Ó ṣì wà níbẹ̀, ewú ti ń yọ lórí òun náà. Láràárọ̀, kó tó wẹ ẹnikẹ́ni, ó máa ń dúró díẹ̀ síwájú ọpọ́n omi, á dúpẹ́ pé a gba òun láyè láti bá Ọba òkè sọ̀rọ̀, á sì gbàdúrà jẹ́jẹ́ fún ẹni tó wà lórí ibùsùn. Lẹ́yìn náà, á ti ìgbọ̀nwọ́ bọ omi náà wò, kó má baà gbóná jù fún wọn.